Kí ló dé tí kámẹ́rà ẹ̀ ń gbọ̀n?

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n, a wo fíìmù Captain Phillips ní ṣọ́ọ̀bù mi. Kámẹ́rà ń gbọ̀n bíi ti ẹni tí ibà ń ṣe. Ṣé ẹni tó yà á ò mọṣẹ́ ni? — Onígbàjámọ̀, Sabo, Ilé-Ifẹ̀

Ìdáhùn: Ó mọ̀ ọ́n, àbúrò! Ìdí iṣẹ́ ìròyìn tẹlifíṣọ̀n ni Paul Greengrass, olùdarí eré náà, ti wá. Ó ń ya eré bí ẹni tó ṣàdédé bá ìjà pàdé lójú títì. Nínú fíìmù 2013 yẹn, kò jẹ́ kí Tom Hanks, tó ṣe ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi, fojú kan àwọn tó ṣe ajalèlókun, àfìgbà tí wọ́n já wọ yàrá ìtukọ̀ tìbọn-tìbọn. Ìpayà tó o rí lójú ẹ̀ yẹn, gbogbo ẹ̀ kọ́ leré. Èmi tí mò ń gbé kámẹ́rà níbi ìnáwó, bí tèmi bá gbọ̀n bẹ́ẹ̀, ìyá ìyàwó á gbowó ẹ̀ padà.