Kí ni "-cide" tó wà nídìí àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì?

Bàbá kan ní Òkè-Bàálẹ̀, níbí ní Òṣogbo, ló béèrè. Wọ́n fún ọmọ rẹ̀ tó wà ní SS1 níṣẹ́ àṣetiléwá: kó wá ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tó parí sí "-cide", kó sì kọ ìtumọ̀ wọn. Ọmọ náà ti kọ "decide" àti "coincide" mọ́ ọn. Bàbá wá ní, "Ṣé ọ̀rọ̀ pípa ni gbogbo wọn ni? Ṣé àwa náà ní irú ẹ̀ ní Yorùbá?"

Ẹ ṣeun, bàbá. Inú mi dùn sí ìbéèrè yín, nítorí kò yẹ kí ọmọ máa há ọ̀rọ̀ sórí bí ẹni ń ki oríkì tí kò mọ ẹni tó ni ín.

Inú èdè Látìn ni "-cide" ti wá, láti ara caedere: kéèyàn gé nǹkan, tàbí kó pa á. Ohun tó bá ṣíwájú rẹ̀ ló máa ń sọ ẹni tàbí ohun tí wọ́n pa. Homo ni èèyàn, òun ló bí homicide. Herba ni ewéko, òun ló bí herbicide. Rex ni ọba, ibẹ̀ ni regicide ti jáde. Genocide ni ọmọ ìkẹyìn láàárín wọn. Raphael Lemkin, amòfin ọmọ ilẹ̀ Poland, ló hun ún pọ̀, ìwé tó gbé e jáde ní 1944 ló ti lò ó: ó mú genos ti èdè Gíríìkì, tó jẹ́ ìran tàbí ẹ̀yà, ó so ó mọ́ ti Látìn. Nígbà tó fi máa di oṣù Kejìlá 1948, Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ti fọwọ́ sí àdéhùn tó fi orúkọ yẹn pe ìwà ọ̀daràn náà. Ní ti suicide, ẹ jókòó ti ọmọ yín tẹ́ ẹ bá kàn án. Ọ̀rọ̀ tó yẹ kí òbí bá ọmọ sọ ni, kì í ṣe èyí tí ọmọ máa dá kà nínú díkíṣọ́nárì.

Àwa náà ní in, àmọ́ iwájú la máa ń gbé e sí: apànìyàn, apakòkòrò, apakoríko. Tiwa sì tún là ju tiwọn lọ níbì kan. Látìn ní ìrù méjì, -cida fún ẹni tó pani, -cidium fún pípa náà. Gẹ̀ẹ́sì pa méjèèjì pọ̀ di ẹyọ kan, ìdí nìyẹn tí homicide fi lè jẹ́ ìṣẹ̀lẹ̀ náà, tó sì tún lè jẹ́ ẹni tó ṣe é. Yorùbá ò dà wọ́n pọ̀. Apànìyàn ni wọ́n ń mú lọ sí kóòtù, ìpànìyàn ni ẹ̀sùn tí wọ́n kà sí i lẹ́sẹ̀.

Tẹ́ ẹ bá ń kọjá lọ́jà Ìgbọ̀nà, ẹ mú ọmọ náà yà sí ṣọ́ọ̀bù tí wọ́n ti ń ta kẹ́míkà oko. Ẹ ní kó yí ike kọ̀ọ̀kan, kó ka ara rẹ̀. Herbicide nìyí, ti koríko. Insecticide, ti kòkòrò. Fungicide lèyí táwọn àgbẹ̀ kòkó ń fín nígbà òjò, tí àrùn bá ti fẹ́ sọ èso kòkó di dúdú lórí igi. Ẹni tó ń gbé gbohùngbohùn kiri, tó ń polówó "oògùn eku, oògùn aáyán, oògùn ìdun", odidi ìdílé "-cide" ló ń tà yẹn. Ṣùgbọ́n oògùn kan náà la fi ń pe èyí tó ń wo ibà. Nítorí náà, mo fẹ́ kí gbogbo ọmọ ilé dá "-cide" mọ̀ lára ike kí wọ́n tó ṣí i.

Kì í ṣe gbogbo "apa" ló burú o. Apẹja ń wá oúnjẹ òòjọ́ rẹ̀ ni, apàlọ́ ò sì pa ẹnì kankan. Nínú Igbó Ọ̀ṣun níbí, kò tiẹ̀ sáyè fún apẹja, torí ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ pa ẹja odò yẹn. Orúkọ oyè ọba wa gan-an, Àtàọ́ja, atẹ́wọ́gbẹja ni wọ́n ní ó ti wá: ó tẹ́wọ́, ó gba ẹja lọ́wọ́ Ọ̀ṣun. Gbígbà ni, kì í ṣe pípa.

Ó wá ku méjì tí ọmọ yín kọ mọ́ ọn. Caedere náà ló wà nínú decide, àmọ́ gígé ni tibẹ̀, kì í ṣe pípa. Ẹni tó dúró ní Oríta Ọláìyá tó sì mú ọ̀nà kan ti gé àwọn yòókù kúrò lọ́kàn rẹ̀. Coincide ò bá wọn tan rárá. Cadere, tó jẹ́ ṣíṣubú, ló bí i, òun àti accident ni wọ́n jọ jẹ́ ọmọ ìyá. Bí wọ́n bá ti so cadere àti caedere mọ́ ọ̀rọ̀ mìíràn, àwọn méjèèjì a di -cidere, ohun tó mú kí wọ́n jọra nìyẹn. Bí nǹkan méjì bá bọ́ sí àkókò kan náà, tí wọ́n ṣe kòńgẹ́, coincide nìyẹn. Kí ọmọ yín yọ ọ́ kúrò. Decide lè dúró, tó bá ti lè ṣàlàyé gígé inú rẹ̀ fún olùkọ́.