Èsì: Bóyá sísè pẹ́ lè pa òjé inú tẹ̀tẹ̀

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú ìbéèrè. Ẹ béèrè bóyá sísè pẹ́ lè pa òjé (lead) inú tẹ̀tẹ̀ tí wọ́n gbìn sí etí odò Ògùnpa ní Ìbàdàn. Bí ẹ tilẹ̀ se tẹ̀tẹ̀ yẹn di ọ̀la, iná kò lè pa òjé tàbí cadmium (irin olóró mìíràn bí òjé) inú rẹ̀. Kòkòrò ni iná ń pa.

Omi ni ó lè dín in kù. Bí ẹ bá bọ̀ ọ́ nínú omi púpọ̀, tí ẹ sì da omi náà nù, díẹ̀ nínú májèlé yóò bá a lọ (fítámì C náà yóò bá a lọ, ó ṣeni láàánú), ṣùgbọ́n bí ẹ bá já a sínú ọbẹ̀ ní tútù, gbogbo ohun tí ó jáde lára ewé ni ẹ ó jẹ. Ẹ kọ́kọ́ fọ̀ ọ́ dáadáa, nítorí eruku ojú títì máa ń ṣí kúrò. Èyí tí gbòǹgbò ti fà sínú kì í gbọ́ ti fífọ̀.

Ní ti ọmọ ọdún méjì tí ẹ mẹ́nu bà, ara ọmọdé lè gba tó ìdajì òjé tí ó bá gbé mì, nígbà tí ti àgbàlagbà jẹ́ nǹkan bí ìdá 10 nínú 100, ó sì máa ń pọ̀ sí i bí èròjà iron tí ara fi ń ṣe ẹ̀jẹ̀ kò bá tó lára. Ẹ má fún un ní ẹ̀fọ́ yẹn rárá.