Má pín kíláàsì náà sí méjì, àbúrò mi

Àbúrò mi, o ní pírínsípà yín fẹ́ ya ọkùnrin àti obìnrin sọ́tọ̀ fún iṣẹ́ ìṣirò ní JSS 2, torí pé àwọn ọmọbìnrin kì í la ẹnu, àwọn ọmọkùnrin sì ń sá lọ gun ọ̀kadà. O wá béèrè bóyá ó máa ṣiṣẹ́. Ìṣirò ni èmi náà ń kọ́ wọn ní Òkè-Ògùn láti ìgbà ọmọge mi títí irun fi ń funfun lórí mi. Kò ní ṣe wọ́n láǹfààní kankan. Ohun tí ilé-ìwé fúnra rẹ̀ ń ṣe láàárọ̀ lọ́sàn-án ló ń fà wọ́n sẹ́yìn, ó sì ṣe é tún ṣe.

Kọ́kọ́ wo ẹni tó ń ṣe iṣẹ́ kí ni láàárọ̀. Níbi tí mo ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọbìnrin ló ń pọnmi sí ọ́fíìsì, àwọn ló ń gbálẹ̀ ibẹ̀, àwọn náà ló ń fọ abọ́ olùkọ́. Ìṣirò ló sì jẹ́ iṣẹ́ àkọ́kọ́. Kí wọ́n tó gbé bọ́kẹ́ẹ̀tì kalẹ̀, mo ti ṣe àpẹẹrẹ tán lójú pátákó. Wọ́n á jókòó, wọ́n á máa wò mí bí ẹni tó bá ìtàn láàárín. Àwọn ẹlẹgbẹ́ mi á wá ní ìṣirò kì í wọ obìnrin lórí! Mo bá wọn fà á títí wọ́n fi ń pè mí ní alágídí. Nígbà tó yá, a to orúkọ gbogbo ọmọ sí iṣẹ́: ọkùnrin ń pọnmi, obìnrin ń gé koríko, ó sì di lẹ́yìn tí ìwé bá parí.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹni tí ò ń pè. Ọmọ tó bá nawọ́ ni gbogbo wa máa ń pè, àwọn ọmọkùnrin díẹ̀ tó wà níwájú ló sì máa ń nawọ́. Wá agolo mílíìkì kan, kọ orúkọ ọmọ kọ̀ọ̀kan sí ègé ìwé, kó gbogbo rẹ̀ sínú ẹ̀. Béèrè ìbéèrè kó o tó fa orúkọ yọ, kí gbogbo wọn lè ronú sí i. Bó o bá pe orúkọ tán, dákẹ́. Àwọn yòókù á fẹ́ bá a dáhùn, má gbà fún wọn. Ọmọbìnrin kan wà tó jẹ́ pé ilẹ̀ ló máa ń wò bí mo bá pè é. A ń ṣe ìdá lọ́jọ́ kan, mo béèrè èwo ló tóbi jù nínú 1/3 àti 1/4. Ẹni tí ẹnu rẹ̀ máa ń yá jù ti ní 1/4 ni, torí mẹ́rin ju mẹ́ta lọ. Orúkọ ọmọbìnrin yìí ló tún jáde. Ó dákẹ́, èmi náà dákẹ́. Ó wá ní, "Mà, bá a bá jẹ́ mẹ́rin tá à ń pín búrẹ́dì kan, tèmi á kéré sí ìgbà tá a jẹ́ mẹ́ta."

Yorùbá ló fi sọ ọ́, mo sì gbà á bẹ́ẹ̀, ká tó jọ kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì nítorí ìdánwò. Bí ẹnikẹ́ni bá bá ọ wí lórí èyí, rán an létí iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fafunwa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ní Ifẹ̀ ní 1970. Wọ́n fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ kan ní gbogbo ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì kàn jẹ́ ọ̀kan lára iṣẹ́ wọn ni. Àwọn ọmọ náà kò gbẹ́yìn àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì láàárín ọ̀nà, títí kan Gẹ̀ẹ́sì pàápàá.

Ṣáláńgá yín ńkọ́? Bí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò bá ṣe é tì láti inú, tí omi kò sí, ọmọbìnrin tó ń ṣe nǹkan oṣù máa jókòó sílé ni. Gbé e lọ síwájú ẹgbẹ́ òbí àti olùkọ́. Owó ilẹ̀kùn kò tó owó aṣọ àjọ̀dún tí wọ́n máa ń dá.

Bí ọ̀kan bá sì lóyún, má jẹ́ kí wọ́n yọ orúkọ rẹ̀. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 sọ ọ́ ní ẹsẹ kẹẹ̀ẹ́dógún pé kí wọ́n fún un láyè láti máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ lẹ́yìn tó bá bímọ, àwọn ìpínlẹ̀ wa náà sì ti sọ òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé di tiwọn. Mo ti rí ilé-ìwé tí wọ́n ti lé ọmọ lọ, tí ẹni tó fún un lóyún sì ń jókòó ní kíláàsì kejì.

Ti àwọn ọlọ́kadà yẹn, ẹ dẹ́kun ẹgba tí ẹ ń nà wọ́n bí wọ́n bá pẹ́ dé. Ọmọ tó mọ̀ pé ẹgba ń dúró dè òun ní géètì á kúkú yà sí páàkì. Fún ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ní ìwé kà ní ìkọ̀kọ̀, ìwọ àti òun nìkan. Púpọ̀ nínú àwọn tí mo bá pàdé ni kò lè ka ìbéèrè tó wà lójú pátákó, ojú sì ń tì wọ́n lójú àwọn obìnrin. Ẹ̀kọ́ ìwé kíkà lẹ́yìn ìwé, láìsí ariwo, ló dá àwọn kan padà fún mi. Kó o sì lọ bá ìyá rẹ̀ nídìí ọjà rẹ̀. Bó o bá ránṣẹ́ pè é wá sílé-ìwé, kò ní í wá, torí yóò rò pé owó lẹ fẹ́ béèrè.