Ọyẹ́ lórí kánfáàsì: bí mo ṣe ń ya Àpáta Zuma

Àbúrò, o ní o fi ọ̀dà olóròóró ya Àpáta Zuma, ó wá dá dúró gedegbe, kò bá ojú ọ̀run ṣe, bẹ́ẹ̀ o tẹ̀ lé ìwé tó ní kí ohun tó bá jìnnà máa ṣe búlúù. Ìwé yẹn ò parọ́, àmọ́ kì í ṣe Suleja, nítòsí àpáta yìí, lóṣù Jánúárì ló ń sọ. Nígbà ọyẹ́, eruku ló wà láàárín ìwọ àti àpáta yẹn. Àwọ̀ ohun tó bá jìnnà á ṣá, á sì pọ́n díẹ̀, bí ògì bàbà tí wọ́n fomi là.

Ojú ọ̀run ni mo kọ́kọ́ ń po, mo sì máa ń po ó dáadáa: titanium white (ọ̀dà funfun), yellow ochre (ti pupa rúsúrúsú), burnt umber (ti àwọ̀ ilẹ̀ tó ṣú) tín-ń-tín, kí n tó fi ultramarine (búlúù) díẹ̀ paná rẹ̀. Kò sí àwọ̀ tó máa kan àpáta tí mi ò ní bu lára ẹ̀ sí. Àpáta gba púpọ̀, igi ẹ̀bá títì gba díẹ̀. Ohun tó ń so wọ́n pọ̀ nìyẹn. Má fi ọ̀dà dúdú kan òjìji rárá. Umber àti ultramarine tó o. (Má sì da àwòrán àpáta yìí tó wà lẹ́yìn ₦100 kọ, èyí tí Awólọ́wọ̀ wà níwájú ẹ̀. Ìlà ni wọ́n fi yà á, kò sí ọyẹ́ níbẹ̀.)

Létí ọ̀nà Kàdúná níbẹ̀, pátákó kékeré ni mo ń yà, ní kùtùkùtù, torí òjìji ojú àpáta kì í pẹ́ yí. Ilé ni kánfáàsì ńlá ń gbé. Ọ̀dà yìí kì í tètè gbẹ, eruku á sì lẹ̀ mọ́ ọn, nítorí náà mo máa ń dojú ẹ̀ kọ ògiri. Bí eruku bá ti bà lé e, má nù ún. Jẹ́ kó gbẹ, kó o wá fi bọ́rọ́ṣì rírọ̀ gbọ̀n ọ́n.

Tapẹntáìnì ni kó o fi la ọ̀dà tó o bá kọ́kọ́ kùn sísàlẹ̀, òróró linseed (òróró irúgbìn kan) ni kó o fi la èyí tó o bá kùn lé e lórí. Bí òróró bá pọ̀ nísàlẹ̀, òkè á gbẹ ṣáájú, á sì sán tó bá yá. Ẹni tó bá ní kó o lo kẹrosíìnì torí owó, má dá a lóhùn: ọ̀rá ló ń fi sílẹ̀.

Ní ti fáníṣì tó o béèrè, ìyẹn ohun dídán tá a fi ń bo àwòrán, jẹ́ kí àwòrán gbẹ fún bí oṣù 6 kó o tó fi í. Èyí tó o bá parí ní Jánúárì bọ́ sí Júláì, eruku á ti rọlẹ̀. Ṣá wá ọjọ́ tí òjò ò rọ̀.