Wákàtí ni kí ẹ kà, kì í ṣe hóró

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o. Aago 8 alẹ́ ọjọ́ Ajé ni mo bẹ̀rẹ̀ oògùn ibà oníhóró mẹ́rin-mẹ́rin (artemether pẹ̀lú lumefantrine). Mo lo ìkejì ní aago 8 àárọ̀ nígbà tí mo jí, mo wá gbàgbé ti alẹ́. Oníkẹ́míìsì ní kí n kó mẹ́jọ mì pọ̀. Ṣé kí n ṣe bẹ́ẹ̀, àbí kí n dá a dúró, torí ara mi ti ń tutù?

Ìdáhùn: Ẹ má kó mẹ́jọ mì, ẹ má sì dá a dúró. Ẹ lo mẹ́rin báyìí, ẹ ka wákàtí 12, ẹ lo mẹ́rin mìíràn, bẹ́ẹ̀ títí hóró 24 yóò fi tán. “Kó o pọ̀” yìí ti sú mi. Àpọ̀jù oògùn yìí lè da lílù ọkàn rú, kò sì lè dá wákàtí tó ti lọ padà.

Ti alẹ́ tí ẹ gbàgbé nìkan kọ́ ni àṣìṣe yín. Ti àárọ̀ gan-an ti pẹ́. Wákàtí 8 lẹ́yìn àkọ́kọ́ ni ìkejì, ìyẹn aago 4 ìdájí. Ìkẹta ló ń bọ́ sí aago 8 alẹ́ ọjọ́ kejì, kó tó wá di wákàtí 12 síra wọn. Àárọ̀ ló rọrùn jù láti fi bẹ̀rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ má tìtorí oorun sún oògùn ibà di ọ̀la.

Artemether ló ń yára pa kòkòrò, àmọ́ láàárín wákàtí díẹ̀ ló ń kúrò nínú ẹ̀jẹ̀. Lumefantrine ló ń pẹ́ lára, òun ló ń gbá ìyókù. Ara tó tutù lónìí, kòkòrò ló dín kù, wọn ò tíì tán. Lumefantrine sì nílò ọ̀rá kó tó wọlé dáadáa: ẹ fi àkàrà tàbí mílíìkì tì í. Ògì lásán kò tó.

Oúnjẹ ni àwọn èèyàn fi ń ka oògùn, ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Amoxicillin (oògùn apakòkòrò bakitéríà) “lẹ́ẹ̀mẹ́ta lójúmọ́” kì í ṣe aago 8, aago 2, aago 8. Bẹ́ẹ̀ bá ṣe é báyẹn, wákàtí 12 gbáko ni ẹ fi sílẹ̀ fún kòkòrò lóru. Aago 6 àárọ̀, 2 ọ̀sán, 10 alẹ́ ni. Ojúmọ́ tí oníṣègùn ń kà ní òru nínú.

Hóró mẹ́rin wà fún ẹni tó bá wọ̀n tó kílò 35 sókè. Ìwọ̀n ọmọdé yàtọ̀. Aláboyún àti ẹni tó ní àìsàn ọkàn, ẹ kọ́kọ́ rí dókítà. Bí ẹ bá bì í láàárín wákàtí kan, ẹ tún un lò. Bí èébì ò bá dá, tí gìrì mú yín, tàbí tí ẹ ń sọ ìsọkúsọ, ọsíbítù ló kàn, kì í ṣe kẹ́míìsì.