Èsì: Níbo ni kí n kó àwọn ẹ̀yà ọkọ̀ òfuurufú mi sí?

Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ ńlá ọkọ̀ òfuurufú tí ẹ ń kàn fúnra yín. Ẹ bèèrè bóyá ẹ lè to páànù alumíníọ́mù, àti ìyẹ́ apá ọkọ̀ náà tí ẹ ti kàn, sórí ilẹ̀ sìmẹ́ńtì nínú yàrá ẹ̀yìnkùlé yín ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹ má dán an wò, pàápàá lásìkò òjò. Sìmẹ́ńtì tó lọ́rinrin a máa jẹ alumíníọ́mù. Ẹ jẹ́ kí káfíńtà kan igi tí yóò gbé wọn kúrò nílẹ̀. Ẹ gbé ìyẹ́ náà dúró, kí etí iwájú rẹ̀ wà nísàlẹ̀; tí ẹ bá tẹ́ ẹ gbalaja, gbogbo ará ilé ni yóò sọ ọ́ di tábìlì.

Ọ̀rá náílọ́ọ̀nù tó lẹ̀ mọ́ páànù láti ilé iṣẹ́, ẹ má jẹ́ kó pẹ́ lára rẹ̀. Ọ̀rinrin máa ń há sábẹ́ rẹ̀, á sì máa fa ilà tín-ín-rín sí i lára bíi ọ̀nà ikán. Páànù méjì tó lẹ̀ mọ́ra náà ńkọ́? Ẹ fi igi pẹlẹbẹ sáàárín wọn kí atẹ́gùn lè ráyè.

Ní tèmi o, eku ni mo bẹ̀rù ju òjò lọ. Ìtọ̀ wọn ń ba alumíníọ́mù jẹ́, inú ìyẹ́ tó ṣófo ló sì wù wọ́n. Ẹ fi àwọ̀n wáyà dí gbogbo ihò.

Bóòtù onínọ́ọ̀tì ti ọkọ̀ òfuurufú, ẹ kó o sínú agolo tirẹ̀, kó má dàpọ̀ mọ́ bóòtù lásán ti ọjà.