Ọ̀bẹ Àpò Sheffield: Ẹ̀yin Bèèrè, A Dáhùn

Ọ̀rọ̀ ọ̀bẹ àpò ló kún inú lẹ́tà yín lóṣù yìí. Ọ̀bẹ tí à ń wí ni èyí tí irin rẹ̀ ń ká wọ inú èèkù, tí wọ́n ń pè ní slipjoint. Kò sí ohun tó ń tì í pa. Sípíríńgì ẹ̀yìn nìkan ló ń mú un dúró. Sheffield, ní Yorkshire, ni orírun iṣẹ́ náà nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ẹgbẹ́ àwọn tó ń ṣe ọ̀bẹ níbẹ̀ sì ti wà láti ọdún 1624.

*Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo fẹ́ ra ọ̀bẹ àpò Sheffield àkọ́kọ́ mi, tuntun ni o, kì í ṣe àlòkù. Mo rí lambfoot, mo rí sheepfoot, mo rí ìwo, mo rí igi, orí mi wá dàrú. Èwo ni kí n mú, kí ni kí n sì yẹ̀ wò kí n tó sanwó?*
— Ọmọ Ìjẹ̀bú, Peckham

Ẹ mú lambfoot. Ẹnu rẹ̀ gún gbọọrọ láti ìdí dé ṣóńṣó, ẹ̀yìn irin ló ń rọra sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé rẹ̀ níwájú. Nígbà ìpọ́n, gbogbo ẹnu yẹn ló ń kan òkúta lẹ́ẹ̀kan náà, kò sí ibi tó yípo tí ọwọ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ yóò ti ṣìnà. Sheepfoot náà gún lẹ́nu, àmọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ ga dé iwájú kó tó já wálẹ̀ lójijì. Okùn ló dára fún jù, ìdí nìyẹn tí àwọn atukọ̀ fi fẹ́ràn rẹ̀. Fún bíbó ọsàn, ṣíṣí páálí àti gígé okùn inú ilé, lambfoot ti tó. Ilé-iṣẹ́ A. Wright & Son, tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1947, wà lára àwọn tó ń ṣe é ní Sheffield.

Ní ti èèkù, igi rosewood ni kò ní yọ yín lẹ́nu. Ìwo ẹfọ̀n rẹwà, kò sí méjì tí àwọ̀ wọn dọ́gba, ṣùgbọ́n ó máa ń wú, ó sì máa ń sún kì bí ojú ọjọ́ bá ti yí, kòkòrò sì máa ń jẹ ẹ́ tí ẹ bá tì í mọ́ inú dúrọ́ọ̀ fún ìgbà pípẹ́. Ìwo àgbọ̀nrín rí gbágungbàgun, kì í sì í yọ̀ bọ́ lọ́wọ́ tó bá tutù, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ máa ń ga.

Ẹ wá ṣí i. Ẹ ki èékánná àtàǹpàkò bọ kòtò kékeré tó wà lára irin, kí ọwọ́ kejì di èèkù mú láti ẹ̀yìn, kí ìka kankan má ṣe wà lójú ọ̀nà ẹnu ọ̀bẹ. Sípíríńgì gbọ́dọ̀ takú díẹ̀. Tí irin bá yọ wẹ́rẹ́ láìsí wàhálà, ẹ dá a padà, nítorí sípíríńgì tó ti rọ̀ kì í le mọ́, òun náà ló sì dúró láàárín ẹnu ọ̀bẹ àti ìka yín. Tí ó bá le débi tí èékánná fi fẹ́ ya, ìyẹn náà kò dáa.

Bó ti wà ní ṣíṣí yẹn, ẹ fi ìka ra ẹ̀yìn ọ̀bẹ. Ó yẹ kí sípíríńgì tẹ́jú pẹ̀lú àwo idẹ tó wà lọ́tùn-ún lósì rẹ̀. Ẹ pa á dé, kí ẹ tún ra á bẹ́ẹ̀. Tó bá yọ gogo tàbí tó rì níbì kan, a jẹ́ pé wọn kò fi fáìlì tún ìdí irin náà ṣe dáadáa. Ẹ gbé e sókè sí iná: ìmọ́lẹ̀ tó bá ń yọ láàárín sípíríńgì àti idẹ, ibẹ̀ náà ni omi yóò máa gbà wọlé. Ẹ di ṣóńṣó irin mú, kí ẹ mì í sọ́tùn-ún sósì. Tó bá ń mì, ìṣó ìdí rẹ̀ kò tẹ̀ mọ́ra, ẹni tó tà á ló yẹ kó fi òòlù tẹ̀ ẹ́, kì í ṣe ẹ̀yin.

Níkẹyìn, ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ti ẹ̀yìn irin kí ó padé. Bó bá ti ń sún mọ́ ilé, sípíríńgì yóò gbà á lọ́wọ́ yín, yóò sì dún pá! Ìró yẹn ni àwọn tó ń kó ọ̀bẹ jọ ń tẹ́tí sí.

Ojú fáìlì díẹ̀ lára idẹ, tàbí èèkù tí apá kan nípọn ju èkejì lọ bín-ín-tín, kì í ṣe àbùkù tó yẹ kó lé yín sá. Àwọn àgbà ní ọ̀bẹ kì í mú kó gbẹ́ èèkù ara rẹ̀. Ní Sheffield àtijọ́, ẹni tó ń rọ irin, ẹni tó ń lọ̀ ọ́ àti ẹni tó ń to gbogbo rẹ̀ pọ̀, ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n, ọwọ́ ni wọ́n sì fi ń ṣe é. Stan Shaw, ọ̀kan nínú àwọn tó ń ṣe ọ̀bẹ níbẹ̀, tó kú ní 2021, ṣe iṣẹ́ yìí ju 70 ọdún lọ.

*Ọ̀bẹ mi kò mú nígbà tí mo rà á. Mo pọ́n ọn, ó mú. Àmọ́ gbogbo ìgbà tí mo bá pa á dé tán, ojú kan náà láàárín ẹnu rẹ̀ ló tún máa ń kú. Ṣé irin rẹ̀ ni kò dáa ni?*
— Tíṣà, Ìbàdàn

Irin kọ́. Ẹnu ọ̀bẹ ló ń lu sípíríńgì. Ẹ wo ìdí irin, ní apá ibi tí ẹnu ti bẹ̀rẹ̀: ìtì kékeré kan wà níbẹ̀ tó yọ síta. Iṣẹ́ rẹ̀ ni kó kọ́kọ́ kan sípíríńgì nígbà tí ọ̀bẹ bá padé, kí ẹnu má bàa kàn án. Tí wọ́n bá fá ìtì yìí jù, bóyá kí ṣóńṣó irin lè rì wọ inú èèkù dáadáa, ẹnu yóò máa bá sípíríńgì pàdé ní ibi tó yọ jù. Kí ó lè dá yín lójú, ẹ fi bírò onítádàwà kun ẹnu ọ̀bẹ, ẹ pa á dé bí ẹ ti ń ṣe, ẹ tún ṣí i. Ibi tí tádàwà bá ti pa rẹ́, ibẹ̀ ló ń lù.

Ẹ má jẹ́ kó máa dún pá mọ́. Ẹ fi ìka méjì mú irin, kí ẹ tẹ̀ lé e dé ilé. Ìyẹn nìkan máa ń yanjú rẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, torí agbára tí sípíríńgì fi ń já a wọlé ló ń jẹ́ kí irin rìn kọjá ibi tó yẹ kó dúró. Tí kò bá yanjú, ẹni tó mọṣẹ́ lè fi òòlù lu ìtì náà kó wú díẹ̀. Ṣùgbọ́n bí ìtì bá ti ga, ṣóńṣó náà yóò gbéra sókè, ẹ rí i pé kò yọ lórí èèkù, bí bẹ́ẹ̀ kọ́ yóò máa gún yín nínú àpò.

Ní ti ìpọ́n: òkúta 1000 ni kí ẹ fi bẹ̀rẹ̀, kí ẹ fi 3000 parí (bí nọ́ńbà yẹn bá ṣe ga tó ni òkúta ṣe kúnná tó). Tí irin bá fẹ̀ ní mìlímítà 12, ẹ gbé ẹ̀yìn rẹ̀ kúrò lórí òkúta ní nǹkan bíi mìlímítà 3½ sí 4, kí ẹ má sì yí i padà títí ẹ ó fi parí. Ẹ máa ti ẹ̀gbẹ́ kan títí àtàǹpàkò yín yóò fi gbúròó irin tó hu ṣákaṣàka sí ẹ̀gbẹ́ kejì, láti ìdí dé ṣóńṣó, kí ẹ tó yí i. Ẹni tó yí i kí ìyẹn tó hu dé ibi gbogbo, asán ló ń pọ́n. Tí ẹ bá ti dé orí òkúta 3000, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́. Ẹ kàn máa fà á, ẹ̀ẹ̀kan níhìn-ín, ẹ̀ẹ̀kan lọ́hùn-ún, kí ẹ sì fi ẹ̀yìn bẹ́líìtì awọ nù ún parí.

*Bàbá bàbá mi wà lára àwọn tó lọ sógun Burma. Nínú àpótí rẹ̀ la ti rí ọ̀bẹ kan tó wúwo: èèkù dúdú onílà-wẹ́wẹ́, irin ọ̀bẹ kan, ohun ìṣí agolo, àti irin gígùn oníṣóńṣó lẹ́yìn. Ó ti dípẹtà, kò ṣí mọ́. Àmì ọfà kékeré kan wà lára rẹ̀. Ẹnì kan ní kí n fi sánpépà ha á.*
— Ọmọọmọ sọ́jà, Abẹ́òkúta

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé sánpépà yẹn sílẹ̀. Ọ̀bẹ ológun Gẹ̀ẹ́sì lẹ júwe yẹn. Ọfà náà ni àmì pé ohun ìní ìjọba ni. Irin oníṣóńṣó ẹ̀yìn wà fún títú kókó okùn àti fífi okùn wọnú okùn. Àwọn ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, lábẹ́ Division 81 àti 82, jà ní Burma, ọ̀pọ̀ Yorùbá sì wà nínú wọn. Ẹ wá ìdí irin dáadáa: wọ́n sábà máa ń tẹ orúkọ ẹni tó ṣe é àti ọdún síbẹ̀. Sánpépà yóò pa ìyẹn rẹ́ ní ìṣẹ́jú kan, kò sì sí ohun tó lè dá a padà.

Epo ẹ̀rọ ìránṣọ ni kí ẹ wá. Ẹ kán an sí ìdí irin kọ̀ọ̀kan, kán méjì péré, kí ẹ dá ọ̀bẹ náà dúró lórí ìdí yẹn di ọjọ́ kejì. Ẹ gbìyànjú láti ṣí i díẹ̀. Tí kò bá gbà, ẹ tún kán epo, kí ẹ tún dúró. Ẹ má fi pílàyà fà á, torí kòtò èékánná ló máa ń kọ́kọ́ ya. Bó bá ti ń ṣí, omi pupa-dúdú yóò máa yọ níbi ìṣó. Ẹ máa nù ún, kí ẹ máa ṣí i, kí ẹ máa pa á dé, títí epo yóò fi máa jáde ní mímọ́. Ẹ fi igi ìtayín kó ìdọ̀tí tó dì sí ìsàlẹ̀ ihò èèkù. Ìdọ̀tí yẹn ló ń mu omi, tó ń jẹ sípíríńgì láti inú.

Ìpẹtà pupa ojú irin, ẹ fi òwú irin tó kúnná jù, èyí tí wọ́n kọ 0000 sí, pẹ̀lú epo rọra nù ún. Ẹ dúró síbi tí pupa bá ti tán. Àwọ̀ eérú tàbí dúdú tó kù kì í ṣe ọ̀tá. Òun ló ń dáàbò bo irin, ẹni tó bá sì fẹ́ ra irú ọ̀bẹ bẹ́ẹ̀ ń wá a. Bákan náà ni ọsàn, àlùbọ́sà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ máa ń sọ irin kábọ́ọ̀nù tuntun di aláwọ̀ eérú. Ẹ ṣáà ti nù ún kó gbẹ lẹ́yìn tí ẹ bá gé wọn tán.

Ẹ má lo òróró ẹ̀pà tàbí epo pupa, wọ́n máa ń dì bíi gọ́ọ̀mù nídìí sípíríńgì. Ẹ má rẹ ọ̀bẹ sínú omi. Lákòókò òjò, ẹ má tọ́jú rẹ̀ sínú àkọ̀ awọ, awọ ń fa omi, oje tí wọ́n fi ṣe awọ náà sì ń jẹ irin. Aṣọ òwú tí ẹ fi epo kùn díẹ̀ sàn ju àkọ̀ lọ.

*Báwo ni mo ṣe lè mọ ọjọ́ orí ọ̀bẹ tí wọ́n kọ SHEFFIELD sí lára?*
— Òǹkàwé, Èkó

Tí wọ́n bá kọ ENGLAND tẹ̀ lé e, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ lẹ́yìn 1891, torí ọdún yẹn ni òfin Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ sí í béèrè orúkọ orílẹ̀-èdè lára ọjà tó bá wọ ibẹ̀. Ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ṣe fún ọjà ilé lè máà ní in, nítorí náà SHEFFIELD nìkan kì í ṣe ẹ̀rí pé ó ti gbó. Tí STAINLESS bá wà lára irin, kò lè ṣáájú 1913, ọdún tí Harry Brearley ṣe irú irin yẹn ní Sheffield. Ìràwọ̀ àti àgbélébùú Malta jẹ́ àmì ilé-iṣẹ́ Joseph Rodgers ní Sheffield. I*XL jẹ́ ti ilé-iṣẹ́ George Wostenholm níbẹ̀ kan náà. Orúkọ ńlá nìkan kò tó o. Àwọn kan ní Jámánì ti ń tẹ SHEFFIELD sára ọ̀bẹ tiwọn tipẹ́, ó wà lára ohun tó bí òfin Gẹ̀ẹ́sì tó ka àmì èké lára ọjà léèwọ̀, Merchandise Marks Act ti 1887.

*Ṣé ọlọ́pàá London lè mú mi tí ọ̀bẹ àpò bá wà lára mi?*
— Ìyá Ìbejì, Tottenham

Òfin Criminal Justice Act 1988, abala 139, tó ka gbígbé ọ̀bẹ ní gbangba láìnídìí léèwọ̀, yọ ọ̀bẹ àpò tó ń ká sílẹ̀, tí ẹnu tó ń gé nínú rẹ̀ kò bá ju ínǹṣì 3 lọ, ìyẹn sẹ̀ǹtímítà 7.62. Ẹnu ni kí ẹ wọ̀n. Èyí tó bá ń tì tí a bá ṣí i kò sí nínú ìyọsílẹ̀ yìí, bó ti wù kó kéré tó; ẹ gbọ́dọ̀ ní ìdí gidi kí ẹ tó gbé e jáde. Ẹni tó bá sì gbé ọ̀bẹ, ńlá tàbí kékeré, láti fi ṣe ènìyàn léṣe, kò sí ínǹṣì tó máa gbà á. Ẹ má gbé e lọ sí ilé ẹjọ́. Tí ẹ bá fẹ́ wọ bàálù, inú ẹrù ìsàlẹ̀ ni kó wà. Òfin kò gbà kí wọ́n ta ọ̀bẹ fún ẹni tí kò bá tíì pé ọdún 18, àfi ọ̀bẹ tó ń ká tí irin rẹ̀ kò ju ínǹṣì 3 lọ.

*Ọ̀bẹ kékeré Rodgers kan wà lọ́wọ́ mi, wọ́n ní eyín erin ni èèkù rẹ̀. Mo fẹ́ tà á.*
— A.K., Birmingham

Ẹ kọ́kọ́ mọ̀ bóyá eyín erin ni lóòótọ́. Ẹ fi gíláàsì tó ń mú nǹkan tóbi wò ó. Eegun máa ń ní àmì dúdú tíntìntín káàkiri ojú rẹ̀, kéékèèké tàbí bí ìlà kúkúrú. Eyín erin kò ní in. Ìlà rẹ̀ rọra ń tẹ̀ lé ara wọn gba gígùn, níbi tí wọ́n bá sì ti gé e ní ìbú, ìlà tó ń kọjá lórí ara wọn máa ń hàn. Ẹ má fi abẹ́rẹ́ gbígbóná dán an wò. Àpá rẹ̀ kì í lọ.

Tó bá jẹ́ eegun, ẹ tà á. Tó bá jẹ́ eyín erin, òfin Ivory Act 2018 tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kẹfà 2022 kò gbà á, àfi tó bá bọ́ sínú ìyọsílẹ̀ díẹ̀. Èyí tó sún mọ́ tiyín jù ni ti ohun tí wọ́n ṣe ṣáájú 1947, tí eyín erin inú rẹ̀ kò tó ìdá 10 nínú 100. Ẹ sì gbọ́dọ̀ forúkọ rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ ìjọba kí ẹ tó polówó rẹ̀. Èèkù ọ̀bẹ kékeré tí eyín erin bo tọ̀tún tòsì sábà máa ń ju ìdá yẹn lọ. Ẹ lè tọ́jú rẹ̀, ẹ lè fi í ta ẹnì kan lọ́rẹ, ẹ lè fi í sílẹ̀ fún ọmọ láti jogún. Ẹ má sì kó o sínú ẹrù bọ̀ wálé láìgba ìwé àṣẹ CITES, àdéhùn àgbáyé lórí òwò ẹranko àti ewéko tó wà nínú ewu: Nàìjíríà àti Gẹ̀ẹ́sì ló jọ fọwọ́ sí àdéhùn yẹn.